Òkúta Tí A Yàn Lórí Fóònù

Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi pé Àjàṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ẹnubodè, nílẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé, ni mo ti ríṣẹ́, ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn. Aránṣọ ni ìyá mi, ní Ìkìrun, ó sì ti gbọ́ títí nípa àwọn ọmọ oníbàárà rẹ̀ tó lọ sí Kánádà àti Lọ́ńdọ̀nù. Ó ní, "Ibi téèyàn lè jẹun àárọ̀ nílé kó sì jẹ tìrọ̀lẹ́ níbẹ̀, ìyẹn náà ni wọ́n ń pè ní òkè òkun?" Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ìlú Yorùbá kan ni mò ń lọ, pé àsíá iwájú ọ́fíìsì nìkan ló máa yàtọ̀. Ó ti pé ọdún mélòó kan báyìí. Mo ti wá mọ̀ pé jíjìn ọ̀nà kọ́ ló ń sọni di àlejò.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì aládàáni kan ní àdúgbò Houinmè ló gbà mí pé kí n máa kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọ̀gá ilé ìwé kí mi ní Yorùbá tó dùn létí. Ọmọ Nàgó ni, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá ilẹ̀ wọn. Púrọ́ọ̀fù sì ni wọ́n ń pe olùkọ́ níbẹ̀. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o, Púrọ́ọ̀fù. Ẹ gbé dosìé yín lọ sí sẹkretaríà, kí wọ́n bá yín ṣe atẹstasíọ̀n, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá gba ẹmplùwádùtán yín." Mo dúpẹ́, mo jáde, mo dúró gbagidi lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo Yorùbá inú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo gbọ́. Ohun tó ní kí n ṣe gan-an ni mi ò gbọ́. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìwé mi ló ní kí n gbé lọ bá akọ̀wé, kí wọ́n fún mi ní ìwé ẹ̀rí iṣẹ́, kí n sì wá gba àkókò kíláàsì mi.

Bẹ́ẹ̀ ló rí níbi gbogbo. Faransé ni wọ́n ń sọ lọ́fíìsì, Gùn, èdè àwọn Ẹ̀gùn, ni wọ́n fi ń nájà. Èmi tí wọ́n ń pè ní ọ̀mọ̀wé nílé wá di ẹni tó ń nawọ́ sí nǹkan lọ́jà bí odi. Àwọn ọmọ pọ̀ nínú kíláàsì débi pé àwọn tó jókòó lẹ́yìn kì í gbọ́ mi àfi tí n bá pariwo. Tá a bá ti jáde, màá gun sẹ́míjàn, ọ̀kadà tiwọn, lọ kọ́ àwọn ọmọ mìíràn nílé wọn. Nígbà tí n bá fi dé yàrá tí mo gbà ní Tokpota, ohùn mi á ti há.

Obìnrin kan wà ládùúgbò náà tó ń ta búrẹ́dì àti ṣúgà. Ìgbàkigbà tí mo bá fún un lówó bébà, á kọ́kọ́ gbé e sókè sí oòrùn kó tó jù ú sínú àpótí. Mo rò pé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, àfi ọjọ́ tí ọkùnrin kan ra nǹkan ṣáájú mi tó sì gba tiẹ̀ láì wò ó. Mi ò bínú sí i. Ó ti sọ fún mi rí pé ọmọ Nàìjíríà kan ti fi owó ayédèrú rajà lọ́wọ́ òun. Mo kàn ń dúró ni, kó wò ó tán.

Lọ́jọ́ kan, a wá fóònù olùkọ́ kan tì níbi iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó ní èmi ni. Olùkọ́ mìíràn kàn rọra sún mọ́ mi, ó ní ṣé mo lè wo inú báàgì mi wò, bóyá mo ṣèèṣì gbé e mọ́ ìwé. Mo tú báàgì náà sílẹ̀ lójú gbogbo wọn. Ìsàlẹ̀ ìjókòó alùpùpù ẹni tó ni fóònù ni wọ́n ti rí i. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí, torí kò sẹ́ni tó fẹ̀sùn kàn mí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni ìyá mi pè. "Ṣé wọ́n fẹ́ràn rẹ níbẹ̀?"

"Wọ́n fẹ́ràn mi, Màmá."

"O ò jẹun tó. Mo gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ."

*

Ọjọ́ Ìsinmi ló máa ń gùn jù fún mi, títí mo fi rí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì kan tí wọ́n ti ń kọrin Yorùbá. Orin tí ìyá mi máa ń kọ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ni wọ́n dá lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Mo kọ ọ́ láti òkè délẹ̀ láì wo ìwé. Obìnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ mọ̀ ọ́n ju àwa tá a ni ṣọ́ọ̀ṣì lọ."

Àbẹ̀ní nìyẹn. Akọ̀wé ni lọ́dọ̀ amòfin kan. Justine ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Òun ló bá mi kọ lẹ́tà Faransé àkọ́kọ́ tí mo fi béèrè fún ìwé ìgbélùú. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń bínú ní Faransé, torí ó ní bí mo ṣe ń bẹ àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì yẹn ni kò jẹ́ kí wọ́n dá mi lóhùn. Lọ́jọ́ tí mo gba ìwé náà, a ra ẹja díndín, a jẹ ẹ́ létí ọ̀sà, mo sì rí i pé ó ti pẹ́ tí oúnjẹ ti dùn lẹ́nu mi kẹ́yìn.

Bàbá rẹ̀ jẹ́ olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìyá rẹ̀ ti kú tipẹ́. Àbúrò bàbá rẹ̀, Tanti Rẹ́bẹ́kà, ló tọ́ ọ dàgbà pẹ̀lú ọmọ tirẹ̀, Clarisse, tó ti wà ní Paríìsì báyìí. Nígbà tá a sọ fún wọn pé a fẹ́ fẹ́ ara wa, Bàbá kàn mi orí sí i. Tanti ló sọ̀rọ̀.

"Ìdílé wa ò bèèrè nǹkan ńlá," ló wí. "Bíbélì, aṣọ, òrùka. Ti Clarisse, díyámọ̀n lọkọ rẹ̀ fi sí i. Ṣùgbọ́n kò pọn dandan." Ó bu omi mu. "Kò pọn dandan rárá."

Nígbà tí Àbẹ̀ní ń sìn mí dé títì, mo bi í bóyá òun náà fẹ́ díyámọ̀n. Ó ní rárá. A rìn díẹ̀ sí i.

"Mo parọ́," ló wí. "Mo fẹ́ ẹ. Kó kéré ni o, ṣùgbọ́n mo fẹ́ ẹ."

*

Àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà wà ní Àjàṣẹ́, ọwọ́ wọn sì dá. Ṣùgbọ́n èyí tá a lọ bá ní òun kì í ta díyámọ̀n, àfi kí oníbàárà gbé òkúta tirẹ̀ wá. Ó wọn ìka Àbẹ̀ní fún wa, ó ní ká lọ wò ó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ká sì ṣọ́ra.

Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn ìsìn, a ó jókòó ní fàráńdà ilé wọn, a ó fi fóònù rẹ̀ ti ife, a ó máa wo òkúta. Mo ti rò pé èyí tó bá tóbi jù ló dára jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Káràtì tí wọ́n ń kà, ìwọ̀n lásán ni. Òkúta lè wúwo kó má tàn, tí ẹni tó gé e bá fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀ nípọn kó lè wọ̀n púpọ̀. Ìmọ́lẹ̀ á wọ inú rẹ̀, kò ní rọ́nà jáde. Àwọ̀ tún wà níbẹ̀. Àwọn kan funfun bí omi, àwọn kan ti ń pọ́n díẹ̀díẹ̀. Àbẹ̀ní wo ọ̀kan, ó ní, "Èyí dà bí eyín ẹni tó ń jẹ obì." Òmíràn á mọ́ lójú, ṣùgbọ́n tá a bá fẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, kóró dúdú kan á jókòó sí àárín gbùngbùn rẹ̀. A wá kọ́ láti máa wo ibi tí àbàwọ́n wà. Èyí tó wà létí kò burú tó bẹ́ẹ̀, irin òrùka lè bò ó.

Ọkùnrin kan wà lórí ìkànnì kan tó ń ta òkúta ńláńlá ní ẹ̀dínwó. Ọkàn mi fà sí i. Àbẹ̀ní ló ṣàkíyèsí pé àwòrán kan náà ló lò fún gbogbo wọn. Ó kọ̀wé sí i pé kó fi fídíò òkúta tá a fẹ́ gan-an ránṣẹ́, àti ìwé ẹ̀rí àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó dáhùn kíákíá pé ẹlòmíràn ti ń béèrè rẹ̀, pé tá a bá pẹ́, á bọ́ lọ́wọ́ wa.

"Ó ń kánjú jù," ni Àbẹ̀ní wí. A fi í sílẹ̀.

Ilé ìtajà tá a padà gbé ọkàn lé wà ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù. Wọ́n ní fídíò fún òkúta kọ̀ọ̀kan, tó ń yí bìrìbìrì nínú ìmọ́lẹ̀. Ìwé ẹ̀rí tó wà pẹ̀lú rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn olùyẹ̀wò tí kì í ṣe ara ilé ìtajà náà. Nọ́ńbà inú ìwé náà ni wọ́n tún kọ sí etí òkúta, ó kéré débi pé ojú lásán ò lè rí i, èèyàn sì lè fi nọ́ńbà yẹn wá a lórí ìkànnì àwọn olùyẹ̀wò fúnra wọn. Wọ́n ní tí kò bá tẹ́ wa lọ́rùn, ká dá a padà láàárín oṣù kan. Mo ka apá ìdápadà yẹn títí mo fi há a sórí.

Ṣùgbọ́n òkúta tí agbára mi ká níbẹ̀ kò ju kóró ọkà bàbà lọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni èyí tí a wò tí a ò lè gbójú kúrò lára rẹ̀ wà. Ó tóbi jù ú lọ, ó mọ́, ó ń tàn yòò, owó rẹ̀ ò sì ju tèkejì lọ. Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé inú ilé ẹ̀rọ ni wọ́n ti ṣe é, wọn ò wà á nílẹ̀.

Àbẹ̀ní bi wọ́n léèrè ní Faransé bóyá díyámọ̀n náà ni. Obìnrin kan dá a lóhùn lọ́jọ́ kejì. Ó ní ohun kan náà ni méjèèjì, ibi tí wọ́n ti wá ló yàtọ̀. Ó wá fi kún un pé tá a bá fẹ́ tà á lọ́jọ́ iwájú, ohun tá a máa rí lórí èyí tí wọ́n ṣe nínú ẹ̀rọ kò ní tó nǹkan. A ò bi í ní ìyẹn. Òun ló sọ ọ́ fúnra rẹ̀, ìyẹn ló sì jẹ́ kí n gbà á gbọ́.

"Èyí ni mo fẹ́," ni Àbẹ̀ní wí. Ó wo ẹ̀yìn, bóyá ẹnì kan ń gbọ́ wa. "Ká má kàn sọ ibi tó ti wá fún Tanti."

"Tí wọ́n bá béèrè ńkọ́?"

"Wọn ò ní béèrè. Ìgbà wo lo ti gbọ́ tí wọ́n ń bi òkúta pé ọmọ ìlú ibo ni?"

"Èmi ni wọ́n ń bi," mo wí. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tèmi kò pẹ́.

Mo sọ fún ìyá mi lórí fóònù. Ó ní, "Aago ni bàbá rẹ rà fún mi. Ó ṣiṣẹ́ títí bàbá rẹ fi kú." Ó wá ní, "Ṣe é dáadáa, ọmọ mi. Ẹni tó wà nílé onílé, dáadáa tiẹ̀ gbọ́dọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ."

*

Nígbà tí òrùka náà dé láti Bẹ́ljíọ̀mù, mo fi í sí Àbẹ̀ní lọ́wọ́ nílé wọn, lójú Bàbá àti Tanti. Ó bá ìka rẹ̀ mu rẹ́gí. Ó ń yí ọwọ́ síbí sọ́hùn-ún nínú oòrùn tó gba ojú fèrèsé wọlé. Mo rò pé ó ti parí nìyẹn.

Láàárín ọ̀sẹ̀, Tanti yá òrùka náà. Ó ní òun fẹ́ fi han àwọn ọ̀rẹ́ òun. Ó dá a padà lọ́jọ́ kejì.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, a jọ ń jẹ ìrẹsì àti ọbẹ̀ ẹja, àwa mẹ́rin. Inú Tanti dùn lọ́jọ́ yẹn ju bí mo ṣe ń rí i lọ. Ẹja tó tóbi jù ló bù sínú àwo mi.

"Mo gbé e lọ sí Adjarra," ló wí. "Alágbẹ̀dẹ wúrà kan wà níbẹ̀ tó ní ẹ̀rọ kékeré kan. Ó fi ẹnu ẹ̀rọ náà kan òkúta yẹn, iná tàn, ó dún. Díyámọ̀n gidi ni. Láti inú ilẹ̀, látinú ihò kùsà lọ́hùn-ún. Gbogbo àwọn tó ń yọ mí lẹ́nu pé kí n bojú wo ọ̀rọ̀ ọmọ Nàìjíríà yìí dáadáa, mo ti dá wọn lóhùn. Mo ní ọmọ Nàìjíríà tiwa kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń sọ."

Bàbá mi orí sí i. Àbẹ̀ní ń wo àwo rẹ̀. Oore ni Tanti rò pé òun ń ṣe mí, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n dúpẹ́, kí n jẹ ẹja mi. Ṣùgbọ́n àárẹ̀ kan dé bá mi níbẹ̀, irú èyí tí oorun kì í lé lọ. Mo rí i pé tí mo bá dákẹ́, títí ayé ni màá máa ṣọ́ ọ̀rọ̀ yìí, kí ẹnì kan má baà ka ìwé ẹ̀rí yẹn lọ́jọ́ kan.

"Tanti," mo wí, "díyámọ̀n ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wọn ò wà á nílẹ̀. Inú ilé ẹ̀rọ ni wọ́n ti ṣe é."

Àbẹ̀ní fi ẹsẹ̀ kàn mí lábẹ́ tábìlì.

"Ayédèrú ni, nígbà náà," ni Tanti wí.

"Kì í ṣe ayédèrú. Ẹ wo yìnyín tó ń bọ́ láti ojú ọ̀run, àti omi dídì tí ẹ máa ń ṣe nínú fírìjì. Omi dídì náà ni méjèèjì. Àbẹ̀ní mọ̀. Ó wà nínú ìwé ẹ̀rí òkúta náà."

Tanti wo Àbẹ̀ní. Àbẹ̀ní kò gbójú sókè.

Bàbá gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀. "Púrọ́ọ̀fù," ló wí, "ta ló bi ọ́ léèrè?"

"Kò sẹ́ni tó bi mí, sà."

"Kí ló wá dé tó ò dákẹ́?"

"Ó ti rẹ̀ mí, Bàbá. Owó mi, wọ́n á gbé e sókè wò. Báàgì mi, wọ́n á ní kí n tú u. Òrùka tí mo fi sí ọmọ yín lọ́wọ́, wọ́n ti gbé e lọ fún ẹlẹ́rọ. Ó rẹ̀ mí kí n máa dúró kí wọ́n wò mí tán. Bí wọ́n bá tiẹ̀ wò mí tán, tí wọ́n ní mo dára, ó ń rẹ̀ mí náà ni."

Tanti ti oúnjẹ rẹ̀ sẹ́yìn, ó mú báàgì rẹ̀, ó sì jáde. A gbọ́ bó ṣe ń pe sẹ́míjàn lẹ́nu ọ̀nà.

*

Àbẹ̀ní kò pè mí fún ọjọ́ pípẹ́. Mo pè é, kò gbé e. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì, òrùka ò sì sí lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ, mo ń dé Tokpota, mo ń sùn. Ìyá mi pè, mo ní gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa. Mo tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó pé bí n bá padà sí Ìkìrun, bóyá mo ṣì lè ríṣẹ́ olùkọ́ níbẹ̀. Ohun tó dẹ́rù bà mí ni pé mi ò mọ ohun tí màá máa bá àwọn ará ilé sọ. Faransé ti wọ inú ọ̀rọ̀ mi, àwàdà wọn kì í tètè yé mi mọ́, àwọn ọ̀rẹ́ mi sì ti kọ́ láti máa gbé ayé láìsí mi.

Ọ̀sán Sátidé kan ni mo gbọ́ tí ẹnì kan kanlẹ̀kùn. Àbẹ̀ní ni. Kò jókòó.

"O rò pé òkúta yẹn ló ń bí mi nínú?" ló bi mí.

"Mo dójú tì ọ́ lójú wọn. Má bínú."

"Kì í ṣe ìyẹn nìkan. O sọ pé ó ti rẹ̀ ọ́. O sọ ọ́ bí ẹni pé ìwọ nìkan ni." Ó wá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. "Látìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́, ṣé o mọ ohun tí wọ́n ń bi mí níbi iṣẹ́? Ṣé mo mọ ilé yín. Ṣé ó dá mi lójú pé o ò níyàwó sí Nàìjíríà. Ṣé kì í ṣe torí ìwé ìgbélùú ni. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ń gbàdúrà fún mi bí ẹni tó ń ṣàìsàn. Ìgbà wo ni mo sọ ọ́ fún ọ?"

Mo bu omi fún un. Ó mu ún tán.

"Tanti wá sílé lánàá," ló wí. "Ó ní òun ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ òun, òun ti sọ fún wọn pé inú ẹ̀rọ ni wọ́n ti ṣe é. Ó ní òun ò lè máa gbé irọ́ kiri nítorí ẹni tí kò fẹ́ irọ́. Inú ṣì ń bí i. Bàbá ní kó jókòó jẹun, ó sì jẹun."

"Bàbá fúnra wọn ńkọ́?"

"Bàbá béèrè pé báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é nínú ẹ̀rọ. Mo ṣàlàyé fún un títí ó fi sùn lọ."

Ó yọ òrùka náà jáde láti inú àpamọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì láàárín àwọn ìwé tí mò ń máàkì. "Oṣù kan tí wọ́n fún wa ò tíì pé. Ṣé ká dá a padà?"

"Bó bá wù ọ́."

"Ìwọ ni mò ń bi. Ìgbà gbogbo lo máa ń ní 'bó bá wù ọ́.'"

"Mi ò fẹ́ kó padà," mo wí. "A yàn án dáadáa."

Ó wo òkúta yẹn títí, bó ṣe máa ń wò ó lójú fóònù nígbà tá a ṣì ń wá a. Lẹ́yìn náà ó fi òrùka náà sọ́wọ́ fúnra rẹ̀, ó sì bi mí bóyá oúnjẹ kankan wà nínú ilé.

*

A ti ṣe ìgbéyàwó. Ìyá mi wá láti Ìkìrun, òun àti Tanti sì jókòó pọ̀ lórí àga kan náà títí wọ́n fi mọ̀ pé ìránṣọ ni àwọn méjèèjì kọ́ nígbà ọ̀dọ́. Tanti kò pe orúkọ òrùka yẹn sétí mi mọ́. Mi ò lè sọ pé ó ti dárí jì mí, mi ò sì lè sọ pé kò tíì dárí jì mí. Ó máa ń fi ẹja ránṣẹ́ sí wa.

Mo ṣì ń kọ́ni ní Houinmè. Ohùn mi ṣì máa ń há. Àwọn èèyàn ṣì máa ń béèrè, pàápàá àwọn obìnrin tí wọ́n ń wá sí ọ́fíìsì Àbẹ̀ní, tí ìmọ́lẹ̀ òrùka yẹn bá ta sí wọn lójú bó ṣe ń kọ̀wé. Mo ti jókòó níbẹ̀ rí, tí mo ń dúró dè é, tí ọ̀kan béèrè. Àbẹ̀ní kò gbójú sókè nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Inú ẹ̀rọ ni wọ́n ti ṣe é, orí fóònù la ti rà á, ọmọ Nàìjíríà lọkọ mi." Ó sọ gbogbo rẹ̀ léèémí kan, kò fi nǹkan kan ṣẹ́kù tí obìnrin náà lè lọ wádìí.

Ṣùgbọ́n àwọn ọjọ́ mìíràn wà tí iṣẹ́ ti pọ̀ jù, tó ti rẹ òun náà. Ẹnì kan á béèrè, Àbẹ̀ní á kàn ní, "Díyámọ̀n ni." Èmi náà á sì dákẹ́.